Noma: àrùn tó ń bẹ̀rẹ̀ ní erìgì ọmọdé, tó sì ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí dé eegun

Tí erìgì ọmọdé bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ń rùn, ọ̀pọ̀ òbí kì í kà á sí. Wọ́n á ní eyín ló ń hù, tàbí pé súwíìtì ló jẹ jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í yọrí sí nǹkan kan lóòótọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ tí kì í rí oúnjẹ gidi jẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ éèyi, ìyẹn mísùsù, tàbí ọmọ tí ibà ti bá jà títí tó fi gbẹ, àmì yẹn lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ àrùn kan tó lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀, kó sì gba ẹ̀mí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé.

Noma lorúkọ àrùn náà. Nínú ọmọ 10 tó ní i tí kò rí ìtọ́jú, bíi 9 ló ń kú. Bẹ́ẹ̀, oògùn tó lè dá a dúró níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe oògùn olówó ńlá. Ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ wa. Ohun tó ń pa àwọn ọmọ ni pé wọn kì í tètè gbé wọn dé ibẹ̀. Ìdí rèé tá a fi kó àlàyé yìí jọ fún ẹ̀yin olùgbọ́ wa, kí ẹ lè kà á ní sùúrù, kí ẹ sì rí i padà nígbà tẹ́ ẹ bá nílò rẹ̀.

Kí ni noma?

Noma jẹ́ àrùn tí bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí, ń fà nínú ẹnu. Erìgì ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ẹran tó di eyín mú. Láti ibẹ̀, ó ń pa ẹran ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú, ó sì ń wọ eegun àgbọ̀n lọ. Ibi tó bá pa á di dúdú, ó jẹrà, ó sì já bọ́. Ẹni tó bá là á já lè wà láàyè pẹ̀lú ihò ńlá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí eyín àti ahọ́n á máa hàn síta.

Orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè Gíríìkì, látinú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún bí ẹran ṣe ń jẹ koríko lọ bẹẹrẹ. Ẹni tó fún un lórúkọ yìí kò sọ àsọdùn. Bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ koríko láìdúró ni àrùn náà ṣe ń jẹ ojú ọmọ.

Àwọn ọmọdé ló ń mú jù, pàápàá àwọn tó wà láàrin ọdún 2 sí 6. Kì í ṣe àrùn tó ń ràn. Ọmọ tó ní noma kò lè kó o ran ẹni tó bá a jẹun nínú abọ́ kan, tàbí ìyá tó ń fẹnu kò ó lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ìbẹ̀rù pé ó ń ràn ló ń mú káwọn èèyàn fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sínú yàrá.

Kòkòrò tó ń bá wa gbé

Ohun kan tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu nípa noma ni pé kò sí kòkòrò àjèjì kan tó ń gbé e wá. Ẹnu olúkúlùkù wa kún fún bakitéríà, wọ́n sì pọ̀ ní oríṣiríṣi. Lára àwọn tí àwọn onímọ̀ máa ń rí nínú egbò noma ni Fusobacterium necrophorum àti Prevotella intermedia. Àwọn kan nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń gbé lẹ́nu èèyàn láì ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n ń gbé láàrin eyín àti erìgì bí ayálégbé jẹ́jẹ́.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ara tó lókun ni ògiri yẹn. Tí ọmọ bá ń jẹun dáadáa, tí ara rẹ̀ sì dá, àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣọ́ àwọn kòkòrò yìí, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá àyè wọn. Ọjọ́ tí ara bá rẹ̀, ọjọ́ náà ni àǹfààní ṣí sílẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ń gbé jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ á wá para pọ̀, wọ́n á sì gbógun ti ẹran ara. Irú àrùn báyìí ni àwọn dókítà máa ń pè ní àrùn tó ń lo àǹfààní àìlera.

Àwọn nǹkan tó máa ń la ògiri náà lẹ́nu rèé:

Àkọ́kọ́ ni àìjẹunrekánú. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀kọ lásán tàbí gàrí nìkan ló ń jẹ láràárọ̀ àti lálaalẹ́ kò ní ohun tí ara rẹ̀ lè fi tún ara ṣe. Èyí ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo wọn.

Èkejì ni àìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Éèyi ló léwu jù. Ó máa ń dá egbò sílẹ̀ lẹ́nu ọmọ, ó sì máa ń sọ àwọn sójà ara di ahẹrẹpẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ìléròrò ti lọ. Ibà ẹ̀fọn àti ìgbẹ́ gbuuru wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ni àìtọ́jú ẹnu àti omi tí kò mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni kòkòrò HIV. Nípasẹ̀ rẹ̀, noma lè mú àgbàlagbà náà, tí kò bá lo oògùn rẹ̀. Àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ náà wà nínú ewu.

Tẹ́ ẹ bá wo àwọn nǹkan wọ̀nyí dáadáa, ẹ máa rí i pé òṣì ló so gbogbo wọn pọ̀. Kò sí àmì pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀, tàbí pé ọ̀tá ló fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọmọ.

Bó ṣe ń rìn, láti erìgì dé eegun

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, pín ìrìn àrùn yìí sí ìpele. Ó yẹ kí òbí àti olùkọ́ mọ̀ wọ́n, torí ìpele tí wọ́n bá ti rí i ló máa sọ ohun tó máa gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Kó tó bẹ̀rẹ̀: erìgì ọmọ á pọ́n, á wú díẹ̀, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀ tó bá ń fọ ẹnu. Èyí kò tíì di noma, ìkìlọ̀ ni.

Ìpele 1: erìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Egbò á wà láàrin eyín. Ẹnu á máa rùn gidi, òórùn tó yàtọ̀ sí ti àìfọnu. Itọ́ á máa dà. Ọmọ náà kò ní í fẹ́ jẹun torí ó ń dùn ún.

Ìpele 2: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ètè á wú lápá kan. Ara á gbóná. Láti erìgì títí dé ìpele yìí, ọjọ́ mélòó kan péré ló lè jẹ́. Oògùn ṣì lè dá a dúró níbí, kí ojú ọmọ tó bàjẹ́.

Ìpele 3: ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Á kọ́kọ́ di dúdú, ààlà á wá hàn láàrin ẹran tó kú àti èyí tó wà láàyè, lẹ́yìn náà á já bọ́. Eyín á máa mì, eegun àgbọ̀n á sì hàn síta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kú, torí kòkòrò náà ti wọ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró, ebi sì tún wà níbẹ̀ nítorí ẹnu kò gba oúnjẹ mọ́.

Ìpele 4 àti 5: tí ọmọ náà kò bá kú, egbò á bẹ̀rẹ̀ sí í jinná. Ìjìnná yìí náà ní wàhálà tirẹ̀. Àpá á fa ara pọ̀, ó sì lè dè àgbọ̀n mọ́ra débi pé ẹnu kò ní í là mọ́ ju kí wọ́n ki ṣíbí kékeré bọ̀ ọ́. Jíjẹun á le, ọ̀rọ̀ sísọ á le, itọ́ á máa dà láìdúró.

Ẹ kíyè sí i: láàrin ìpele 1 àti ìpele 3, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹni tó bá ní kóun dúró di ọjọ́ ọjà tàbí ìgbà tí bàbá ọmọ bá ti ìrìn àjò dé lè bá iṣẹ́ náà níbi tó ti bàjẹ́.

Ìtọ́jú: kí ni wọ́n máa ń ṣe?

Níbẹ̀rẹ̀, ohun mẹ́ta ni ìtọ́jú noma. Oògùn antibáyọ́tíìkì tó ń pa àwọn kòkòrò inú ẹnu, bíi amoxicillin àti metronidazole. Omi oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹnu. Oúnjẹ tó lágbára, pẹ̀lú fítámì A. Tí ọmọ náà bá ní ibà tàbí àìsàn mìíràn lára, wọ́n á tọ́jú ìyẹn pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ orúkọ àwọn oògùn yẹn, a sì mọ̀ pé kẹ́míìsì ń tà wọ́n. Ẹ má torí ìyẹn ra á fún ọmọ fúnra yín. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò iye tó máa lò, ẹni tó rí ẹnu ọmọ náà nìkan ló sì lè sọ bóyá noma ni tàbí nǹkan míì. Ẹ má tú kápúsù kí ẹ bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú egbò. Ẹ má fi àgúnmu, eérú tàbí omi bátìrì sí i. Àwọn nǹkan yẹn ń ba ẹran tó ṣì wà láàyè jẹ́, wọ́n sì ń jẹ àkókò.

Tó bá ti dé ìpele 3, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn. Wọ́n á fún un ní oògùn àti oúnjẹ nípasẹ̀ abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀pá tó gba imú, wọ́n á sì fọra yọ ẹran àti eegun tó ti kú. Eegun tó ti kú kò ní ẹ̀jẹ̀ mọ́, oògùn kò lè dé inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò.

Iṣẹ́ abẹ láti tún ojú ṣe ló máa ń gbẹ̀yìn. Wọn kì í ṣe é kíákíá. Wọ́n á dúró títí àrùn á fi kúrò pátápátá, tí ọmọ á sì ti sanra padà, èyí tó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn kan máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ mẹ́ta, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó lè la ẹnu jẹun.

Ṣé àrùn ilẹ̀ Áfíríkà ni?

Rárá o. Láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti kẹtàdínlógún ni àwọn dókítà ní Netherlands ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Ó pa àwọn ọmọ tálákà káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fún ìgbà pípẹ́. Bí oúnjẹ, omi àti ilé gbígbé ṣe ń dára sí i níbẹ̀ ló ń pòórá, kí antibáyọ́tíìkì tó dé rárá. Ó tún yọjú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nínú àgọ́ tí ìjọba Nazi kó àwọn èèyàn sí ní Auschwitz àti Bergen-Belsen, níbi tí ebi ti pa wọ́n dé eegun. Ibi tí ebi bá wà ló ń wà.

Lónìí, ilẹ̀ Áfíríkà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti pọ̀ jù, pàápàá lórí ilà tó lọ láti Senegal dé Ethiopia. Ní ọdún 1998, WHO ṣírò pé bí èèyàn 140,000 ló ń ní i lọ́dún kan. Ó ṣòro láti ka iye wọn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kú sílé láìjẹ́ pé dókítà kankan rí wọn.

Ilẹ̀ Yorùbá náà mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, wọ́n tọ́jú àwọn ọmọ tó ní noma ní Ìbàdàn, wọ́n sì ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà, Cyril Enwonwu, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn kedere bí oúnjẹ tí kò tó ṣe so mọ́ àrùn náà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ìwé rẹ̀ lórí èyí jáde ní 1972.

Ṣókótó àti WHO

Ìwọ̀ oòrùn àríwá Nàìjíríà ni wọ́n ti ń rí i jù nílẹ̀ wa báyìí. Ní ọdún 1999, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Ṣókótó tó jẹ́ pé noma nìkan ló wà fún. Láti 2014 ni àjọ àwọn dókítà Médecins Sans Frontières, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí MSF, ti ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ láti Nàìjíríà àti òkè òkun máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún láti tún ojú àwọn aláìsàn ṣe, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó là á já ni Mulikat Okanlawon. Ọmọdé ni nígbà tí noma mú un. Kò pa á, àmọ́ ó fi àpá sílẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì ti sọ ní gbangba bí ìtìjú àti ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò ó ṣe mú un máa sá pamọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un léraléra ní Ṣókótó. Lẹ́yìn náà, ó gba iṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn yẹn kan náà, ó ń bá àwọn ìyá àtàwọn ọmọ tó ń wọlé sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń rí ojú ẹni tó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Òun àti Fidel Strub, ọmọ Burkina Faso tí noma mú lọ́mọdé, ló dá ẹgbẹ́ àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ noma sílẹ̀. Elysium lorúkọ rẹ̀.

Ohùn wọn wà lára ohun tó mú kí ayé gbọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ilé iṣẹ́ ìlera Nàìjíríà kọ̀wé sí WHO ní orúkọ orílẹ̀-èdè 32 pé kí wọ́n fi noma sí ara àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí wọ́n ti pa tì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún náà, WHO gbà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó rọrùn díẹ̀ báyìí láti rí owó fún ìwádìí, àti láti dá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè dá a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan rèé fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlọrin, Ṣakí, Òṣogbo tàbí Èkó: ẹ má rò pé Ṣókótó lẹ gbọ́dọ̀ sáré lọ tí erìgì ọmọ bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ, lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn ló máa sọ bóyá kí ẹ tẹ̀ síwájú lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín tàbí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Ẹ la ẹnu ọmọ wò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, ẹ gbé ètè sókè, kí ẹ wo erìgì rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Tí ọmọ bá ń ṣàìsàn tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é tán, kó jẹ́ ojoojúmọ́.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára éèyi fún un. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ nígbà tó bá pé oṣù 9, èkejì sì jẹ́ ní oṣù 15.

Ẹ fi nǹkan kún oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀kọ dára, àmọ́ ẹ po sóyà, ẹ̀pà tàbí edé lílọ̀ mọ́ ọn. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja wẹ́wẹ́ ń kọ́ ara. Ẹ̀fọ́ àti epo pupa ní ohun tó ń di fítámì A nínú ara.

Ẹ kọ́ ọ láti fọ ẹnu láàárọ̀ àti kó tó sùn. Búrọ́ọ̀ṣì dára, orín náà dára, tó bá ti mọ́. Tí erìgì bá pọ́n, ẹ jẹ́ kó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí yọ ẹnu, bí ẹ ti ń múra àtigbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ìyá ọlọ́jà tí ọmọ ọlọ́mọ ń wà lọ́dọ̀ yín, ẹ má tijú láti sọ fún òbí pé ẹnu ọmọ yìí ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè dà bí àrífín, àmọ́ ó lè gba ọmọ náà là.

Tẹ́ ẹ bá sì rí ẹni tí noma ti fi àpá sí lójú, ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí gbogbo èèyàn. Kò lè kó o ràn yín, kò sì ṣe ohun tó burú.

Àmì tí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la

Erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Egbò láàrin eyín. Ẹnu tó ń rùn gidi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú pẹ̀lú ibà. Àwọ̀ tó ń dúdú ní ètè tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tí ẹ bá rí ẹyọ kan nínú wọn lára ọmọ tí kò lókun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí. Tí òṣìṣẹ́ ìlera tó wò ó bá ní eyín ló ń hù, ẹ bi í ní jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé kì í ṣe noma?" Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà pàápàá kò rí i rí. Ìbéèrè yín lè rán wọn létí kí wọ́n tún ẹnu ọmọ náà yẹ̀ wò.